Ohùn Tí Kò Dàgbà

Iná pupa orí àpótí ohùn tún tàn. Ojúọlápé ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tán tí àpótí náà fi sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn obìnrin pẹ̀lẹ́ tí ìjọba fi sínú gbogbo irú rẹ̀:

"Wúrà. Wúrà dà?"

Níwájú wọn, lábẹ́ igi apá ńlá kan tí ewé rẹ̀ ti gbẹ dànù, agbo erin dúró bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀. Etíya ló wà níwájú gbogbo wọn. Wáyà àwọn ọdẹ àtijọ́ ló fa etí rẹ̀ òsì ya nígbà tó wà ní kékeré, òun ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, bí erin ti í ṣe tó bá ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan létí tiwọn, nítorí ohùn erin máa ń gba ìsàlẹ̀ etí ọmọ aráyé kọjá ni. Àyà nìkan ni í gbọ́ ọ, àpótí ohùn ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó máa ń gbọ̀n rìrì bí ìgbà tí tírélà ńlá bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

"Etíya tún ti béèrè o, mà," ni Ṣẹ́gilọlá wí. Òun ni ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ. Ó ti gbé àwo-ilẹ̀ kalẹ̀ sórí yanrìn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ padà sí àtẹ́lẹsẹ̀ erin. "Ṣé kí n fún wọn ní ìdáhùn tí a máa ń fún wọn?"

Ojúọlápé ń wo òkìtì ẹ̀ka kan lábẹ́ igi apá náà. Ó mọ èyí tí wọ́n máa ń fún un. *À ń wá ìdáhùn.* Àwọn lọ́yà iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ló ṣe gbólóhùn náà, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Wọ́n fín Òfin Ìdáhùn sára ilẹ̀kùn gbogbo ọkọ̀ wọn: *Ẹranko tó bá lè béèrè, kí a dá a lóhùn, a kò sì gbọdọ̀ parọ́ fún un.* Ọpẹ́lọpẹ́ òfin yìí, odídẹrẹ́ ti ń jẹ́rìí ní kóòtù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ti lè kọ ẹrù tó bá pọ̀ jù lọ́jà Ṣakí, kí olówó rẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́. *À ń wá ìdáhùn* kì í ṣe irọ́. Òótọ́ náà kọ́. Ó kàn wà láàárín méjèèjì bí ẹni tó jókòó sórí ògiri.

"Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀ka igi yẹn?" ni Ojúọlápé béèrè.

Ṣẹ́gilọlá wo ibẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. "Ọmọ tuntun yẹn ni, mà. Èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn ọyẹ́. Ọmú ìyá rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí mo fi máa dé láàárọ̀, ó ti kú. Àwọn ló ṣẹ́ ẹ̀ka bò ó."

Obìnrin erin kan dúró ti òkìtì ẹ̀ka náà, ó ń fi ṣónṣó ọwọ́jà rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ń gbé e kúrò, ó tún ń dá a padà.

Àwo ojú ọkọ̀ tàn, ojú Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ sì yọ nínú rẹ̀ láti Ìbàdàn. Òun ni ọ̀gá fún gbogbo igbó Òkè-Ògùn. Ojú rẹ̀ wú, ó jọ pé kò sùn.

"Ẹ kú ojú oòrùn, Ìyá Ìdáhùn."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Mo ti gbọ́ ti ọmọ erin náà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo tún bá àwọn olómi sọ̀rọ̀ lánàá, wọ́n ní àwọn ò lè bu omi fún erin nígbà tí àwọn ọmọ Ìgbòho ń tò sórí ìlà fún kẹ́ẹ̀gì kan. Mi ò rí wọn bá wí. Kò sí ohun tó kù ju pé kí agbo náà dìde rìn lọ sí adágún tuntun lẹ́yìn títì. Omi wà níbẹ̀ tí wọn ò lè mu tán. Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo fi ránṣẹ́?"

"Mo ti rí i."

"Ohùn Wúrà gan-an ni. Inú àwọn ohun tí a gbà sílẹ̀ láyé ìjọ́hun ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ-irin gbé e lọ síwájú wọn díẹ̀díẹ̀, kí ó máa pe ìyá rẹ̀ títí wọ́n á fi dé etí omi."

"Irọ́ ni, sà."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni." Adégbìtẹ́ fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣé òótọ́ ni kí á wá sọ ni? Ẹ̀yin náà mọ bí erin ti ń ṣọ̀fọ̀. Bí ẹ bá sọ fún ìyá arúgbó yìí pé ọmọ rẹ̀ kú, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí títí yóò fi ṣubú, àwọn yòókù ò sì ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀ka igi mélòó ni wọ́n fẹ́ ṣẹ́? Àpótí yín ò ní gba ohunkóhun sílẹ̀ lónìí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ọrùn mi ló wà."

Àwo ojú ọkọ̀ padà di dúdú. Ṣẹ́gilọlá yíjú wo ọ̀gá rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó Ojúọlápé. Ó tó ogún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n wá gbé Wúrà. Erin ti tán nínú igbó kan ní ìhà ìsàlẹ̀ odò, ó ku akọ méjì péré tó ń rìn kiri bí aṣọ̀fọ̀, ìjọba sì ní kí wọ́n mú abo kan lọ bá wọn. Wúrà ni wọ́n mú, ọmọge erin tí ara rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ Ìgbòho, tó máa ń jí fìlà àwọn òṣìṣẹ́ dé orí ara rẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Etíya kígbe yí ọkọ̀ náà po, ó ń ti irin rẹ̀, àpótí tuntun tí ò tíì gbọ́ èdè dáadáa sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá: *Wúrà. Ibo.*

Ojúọlápé ṣì kéré nígbà náà nínú iṣẹ́. Kò sí ẹni tó rán an. Àánú ìyá náà ló ṣe é, ló bá tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà nílẹ̀ sí àwo: *Wúrà. Bọ̀. Dúró.* Etíya sì dákẹ́. Ó gbé ọwọ́jà rẹ̀ lé èjìká Ojúọlápé, ó gbóòórùn ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti abíyá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó bá òun ṣèlérí, kí òun má bàa ṣì í mọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ọkàn Wúrà dáwọ́ lílù dúró nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé títì ńlá. Oògùn oorun náà ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ipá gbé ẹranko tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ mọ́, inú gbogbo ayé sì dùn sí òfin náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó padà wá sí ìdí igi apá láti sọ fún Etíya. Ní ọdọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, yóò kó agbo rẹ̀ wá síbẹ̀. Yóò dúró, yóò béèrè, wọ́n á fún un ní *À ń wá ìdáhùn*. Tí kò bá rí nǹkan, yóò tún kó wọn lọ. Ojúọlápé a máa sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun á sọ ọ́. Láìpẹ́ wọ́n sọ ọ́ di olórí àwọn olùdáhùn, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń wá kí i.

Lọ́dún yìí Etíya ò lọ. Eyín tó kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ ti gbó tán. Koríko tó bá jẹ máa ń já bọ́ padà láìrún. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ojúọlápé mọ ìdí tí kò fi lọ. Kò ní padà wá lọ́dún mìíràn, Etíya alára sì mọ̀.

Ojúọlápé tún wo òkìtì ẹ̀ka yẹn. "Gbé ẹyẹ-irin náà sókè," ló wí.

"Mà?"

"O ti gbọ́ mi, Ṣẹ́gi."

Ẹyẹ-irin, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìní awakọ̀, gbéra, ó gba orí koríko gbígbẹ lọ, ó sì bà sẹ́yìn àwọn àpáta kékeré tó wà ní ọ̀nà adágún. Ṣẹ́gilọlá tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ bàtà wọn.

Ẹni tó bá rí Etíya lákòókò náà kò ní gbàgbé láéláé. Orí rẹ̀ lọ sókè. Etí rẹ̀ méjèèjì, èyí tó pé àti èyí tó ya, ṣí gbàgà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ké, èyí sì jẹ́ igbe tí etí ènìyàn gbọ́, tó mú kí àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Gbogbo agbo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ láti oṣù mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àpótí ohùn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan náà: "Wúrà. Èmi nìyí. Wúrà. Èmi nìyí. Ìyá nìyí."

Ṣẹ́gilọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ń pa á, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n. "Wọ́n ń lọ o, mà! Wọ́n ń lọ!"

Ojúọlápé ò lè wò ó. Ó gbájú mọ́ ilẹ̀.

Etíya dé ẹ̀yìn àpáta. Ó rí ẹyẹ-irin tó gbé ohùn dání. Ó na ọwọ́jà sí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà tún ké pẹ̀lú ohùn Wúrà. Etíya ò dáhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó ń gbọ́ ọ. Àwọn yòókù tó ti sáré tẹ̀ lé e dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó yí padà. Kò wo ọ̀nà adágún mọ́. Ọ̀dọ̀ Ojúọlápé ló ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí òjìji rẹ̀ fi bo obìnrin náà mọ́lẹ̀. Àpótí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́:

"Ohùn ọmọdé. Wúrà ti dàgbà. Ohùn kò dàgbà."



"Ohùn wà. Ẹnu Wúrà dà?" ni àpótí béèrè.

"Háà," ni Ṣẹ́gilọlá sọ lábẹ́ ẹ̀mí. "Wọ́n mọ̀. Màmá, wọ́n mọ̀. Ó ti ń ka ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá." Ó yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. "Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n fún wọn ní—"

"Dìde níbẹ̀. Jẹ́ kí èmi ṣe é."

Ojúọlápé kúnlẹ̀ ti àwo-ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú ò sí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ìjọba fàyè gbà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ẹranko ò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n erin ní ohùn kan tí wọ́n máa ń dá nígbà tí wọ́n bá dúró ti egungun ará wọn, ohùn kúkúrú kan tó máa ń rẹlẹ̀ lọ títí yóò fi wọlẹ̀. Àwọn olùdáhùn mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pè é ní ohùn egungun, kò sì sí ẹni tó tíì tẹ̀ ẹ́ sí erin rí. Ọmọ erin tó kú láàárọ̀ yẹn ni wọ́n dá a fún kẹ́yìn, àpótí ṣì ní in. Ojúọlápé wá orúkọ Wúrà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá ohùn egungun, ó fi tẹ̀ lé e.

Etíya ò mira.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń súnmọ́ ara wọn, tí wọ́n ń forí kan ara wọn. Ojúọlápé ń retí kí arúgbó náà ṣubú. Ó ń retí pé kó tẹ òun mọ́lẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Dípò bẹ́ẹ̀, àpótí sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo?"

Ó ṣeé ṣe kó sọ pé *ó ti pẹ́*. Òótọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé òun ò mọ̀. Ìka rẹ̀ dúró lórí àwo náà. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, ọjọ́ náà sì ni ẹni tó pa á yóò mọ bí ogún ọdún ṣe gùn tó. Ó tẹ̀ ẹ́: *Ọjọ́ ọkọ̀.* Ó tún tẹ̀ ẹ́, kó má bàa sí àṣìgbọ́: *Ọjọ́ tí mo ní kí o dúró.*

Etíya fi ojú kan wò ó, ojú kékeré aláwọ̀ oyin yẹn tí ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn. Ó gbé ọwọ́jà sókè, Ojúọlápé sì di ojú. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó lajú, ẹ̀yìn arúgbó náà ló rí. Etíya ti padà sí ìdí igi apá. Ó dúró ti òkìtì ẹ̀ka náà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ìyá ọmọ tó kú. Ó dá ohùn kan tí àpótí ò túmọ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Wọ́n ṣìnà!" ni Ṣẹ́gilọlá kígbe. "Mà, adágún ò sí lọ́hùn-ún. Kò sí nǹkan kan lọ́hùn-ún, àpáta nìkan ni!"

Gbogbo agbo tẹ̀ lé e.

Wọ́n fi ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn lókèèrè, ẹyẹ-irin sì ń fi àwòrán wọn hàn níwájú. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, wọ́n dé ìsàlẹ̀ àpáta gàgàrà kan tí kò sí koríko lórí rẹ̀. Etíya fi iwájú orí ti òkúta pẹlẹbẹ kan. Ó pe abo méjì, wọ́n bá a tì í. Òkúta náà yẹ̀ kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́jà gbẹ́ yanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, yanrìn náà dúdú. Lẹ́yìn náà ó dán.

Omi. Ó sun jáde láti inú àpáta, ó kún kòtò náà, ó sì tún kún un lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti mu. Kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan tí ìjọba ní. Bóyá ìyá ìyá Etíya ló fi hàn án nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó wà nínú iléeṣẹ́ wọn.

Ṣẹ́gilọlá fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Adégbìtẹ́ yọ sójú ọkọ̀, omi ojú ń bọ́ lójú òun náà. "Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ṣe é! Ìyá Ìdáhùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an."

Ojúọlápé ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ìrìn ọ̀sán kan ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó mọ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí.

"Kí lẹ wí?"

"Ó mọ ibi tí omi wà, sà. Òùngbẹ kọ́ ló dá a dúró síbẹ̀. Mo ní kí ó dúró, ó sì dúró. Ká ní mo ti sọ fún un nígbà tó kọ́kọ́ dé lọ́dún yìí, wọn ì bá ti wà níbí láti ìgbà yẹn. Ọmọ yẹn ì bá wà láàyè."

Adégbìtẹ́ mi orí. Ó ní, "Ẹ má fi bẹ́ẹ̀ da ara yín láàmú. Ta ló lè mọ̀?"

"Ó yẹ kí n mọ̀. Bíbi í léèrè ni mi ò ṣe. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun ló ń béèrè lọ́wọ́ wa. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan rí."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣẹ́gilọlá fẹ́ gbé àpótí ohùn tẹ̀ lé e, ó ní kó fi í sílẹ̀. Ó dá rìn lórí òkúta gbígbóná náà lọ sọ́dọ̀ wọn bó ti máa ń lọ láti ìgbà èwe rẹ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí i. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ *ẹ jọ̀wọ́* nínú àwo-ilẹ̀. Ó kàn fẹ́ dúró níbi tí Etíya ti lè gbóòórùn òun.

Ọmọ erin kan rí i. Èyí tó fẹ́ràn láti máa tú àpò Ojúọlápé wò ni. Ó fi omi sílẹ̀, ó ń ju etí, ó ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Etíya gbórí sókè láti inú kòtò. Omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ojúọlápé gbọ́ ọ láyà, gbígbọ̀n kúkúrú kan, ó sì mọ̀ ọ́n láìsí àpótí. Ohùn náà ni wọ́n máa ń lò fún kìnnìún láyé àtijọ́, àti fún ọdẹ. Kíá ni àwọn abo kó gbogbo ọmọ sẹ́yìn, wọ́n to ara wọn bí ògiri, wọ́n na etí, wọ́n kọjú sí i. Etíya na ọwọ́jà gígùn rẹ̀, ó fi dí ọmọ tó ń sáré bọ̀ lọ́nà, ó rọra fà á sẹ́yìn, ó sì fi ara rẹ̀ bò ó.

Ojúọlápé dúró. Láàárín òun àti wọn, ilẹ̀ tó kù kò pọ̀; lánàá, ì bá fi ẹsẹ̀ mélòó kan là á kọjá. Ó wo arúgbó náà, ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tó gbà á gbọ́ ju bí ènìyàn kankan ṣe gbà á gbọ́ rí láyé. Ó fi orúnkún méjèèjì kan òkúta gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀. Etíya ò mira.

Nígbà náà ni ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà, nítorí a kì í kọ ẹ̀yìn sí àgbà tí a ṣẹ̀. Ògiri àwọn erin náà ò tú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, ọmọ kékeré yẹn tún gbìyànjú láti gba abẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ yọ ojú, àwọn àgbà sì tún fà á wọlé.